Ẹ Bi Ariwo Lórúkọ Kẹ́ Ẹ Tó Náwó

Gbólóhùn kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fọwọ́ ara wọn to ańpílífáyà onífáàfù fún hẹ́dífóònù, tí mi ò lè gbọ́ kí n dákẹ́: "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Ẹ ó gbé hẹ́dífóònù sétí, orin kankan kò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ọ tó ń kùn bí ilé oyin. Ẹ bi ẹni tó tò ó léèrè, á ní fáàfù ni, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bí kò bá sọ ìyẹn, á ní òun ti ń tọ́jú owó láti ra fáàfù mìíràn. Èrò tèmi ni pé ìdáhùn méjèèjì kò dáa tó, àti pé àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n fi kọ́ wa láti ọdún kìíní gan-an ni ariwo yìí ń fẹ́.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: fáàfù ni gílóòbù onígíláàsì tó máa ń tàn pupa fẹ́ẹ́rẹ́ nínú rédíò ayé àtijọ́. John Ambrose Fleming ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1904. Ní 1906, Lee de Forest ti Amẹ́ríkà fi ẹ̀yà kẹta kún ti inú rẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kó lè sọ ohùn tín-ín-rín di ńlá. Nígbà tí wọ́n ṣe tírànsísítọ̀ ní 1947, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ fáàfù díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó gbà á tán, fáàfù ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ nílẹ̀ yìí. Òun ló wà nídìí Rediffusion tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1935. Ayé fáàfù náà la ṣì wà ní 1959, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tiwa, ṣí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sí Ìbàdàn. Àwọn tó lówó lọ́wọ́ nígbà náà ra rédíògíráàmù sí pálọ̀. Mélòó kan ṣì wà ní àwọn ilé àtijọ́ ní Ṣágámù, Ìpẹru àti Ìkẹ́nnẹ́, tí wọ́n tẹ́ aṣọ lé lórí, tí fọ́tò ìgbéyàwó sì wà lórí aṣọ náà. Wọ́n ti di tábìlì. Inú irú wọn ni àwọn ẹgbẹ́ wa ti ń yọ fáàfù àti tírànsífọ́mà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀ka físíìsì yọ tirẹ̀ nínú èyí tí bàbá àgbà rẹ̀ fi sílẹ̀ ní Mákun.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn á sọ. Á ní kí ló kan ẹ̀ka tiwa nínú iṣẹ́ àwọn oníwáyà?

Ó kàn wá gidi. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà ní ọdún ìkẹyìn ló ń jókòó ti ohùn àwọn àgbà tí a gbà sílẹ̀, tí à ń gbọ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ká tó lè kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ẹnu Rẹ́mọ kò sí nínú ìwé bí Yorùbá àjùmọ̀lò ṣe wà. Bí o kò bá gbọ́ ọ dáadáa, kò sí ibi tí o fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Hẹ́dífóònù ńlá sì máa ń fẹ́ agbára ju èyí tí kọ̀ǹpútà alágbèéká lè fún un lọ, ìdí nìyẹn tí ańpílífáyà fi wọ yàrá wa.

Ẹnì kan nínú kíláàsì wa fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ báyìí. Ó gbọ́ kíkùn nínú hẹ́dífóònù, ó gbà pé ohùn tó gbà sílẹ̀ ló ní àbùkù. Ó ṣí ètò kan lórí kọ̀ǹpútà, ó sì ní kó yọ gbogbo ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 120 Hz dànù. Kíkùn náà kò lọ, nítorí inú ańpílífáyà ló wà. Ohun tó lọ ni ìpìlẹ̀ ohùn bàbá arúgbó tó ń sọ̀rọ̀. Ohùn ọkùnrin, pàápàá níbi tí ohùn ìsàlẹ̀ bá wà, máa ń rìn ní àyíká 100 Hz. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ̀dà àkọ́kọ́ ṣì wà lórí fóònù rẹ̀, ohun tí ìbá fi wá ohùn ìsàlẹ̀ ni ìbá ti gé sọnù. Láti ọdún 1990 tí Bruce Connell àti Robert Ladd ti tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí bí ohùn ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ nínú gbólóhùn Yorùbá, a ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ohùn wa kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú lásán wò. Híhá ni à ń há a, pẹ̀lú òǹkà. Ẹni tó bá fọwọ́ pa òǹkà náà rẹ́ kò ní nǹkan tí yóò há mọ́.

Nítorí náà, ibi tí ariwo ti ń wá ṣe pàtàkì. Kí a tó mọ ibi tó ti ń wá, ó yẹ ká mọ orúkọ rẹ̀. "Ariwo" kì í ṣe orúkọ àìsàn. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà tí ẹ ní ara ń dùn yín, ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni pé níbo, àti pé báwo ló ṣe ń dùn yín: ṣé ó ń ta yín ni, ṣé ó ń ro yín, ṣé ó ń gún yín lọ́bẹ? Yorùbá ti pín ìrora sí ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ó sì ti pín ariwo pẹ̀lú. Àwa la kò lo ohun tí a ní.

Bàbá kan wà ní Sábó, ní Ṣágámù, tó ti ń tún rédíò ṣe láti ìgbà tí fáàfù ṣì wà lórí àtẹ. Mo lọ jókòó tì í nígbà ìsinmi, mo sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Kì í sọ pé ẹ̀rọ kan "ń pariwo". Ó lè ní ó ń kùn: ohùn ńlá kan tó wà lójú kan, tí kì í dáwọ́ dúró. Ó lè ní ó ń hó, bí omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ hó lórí iná, ìró tí kò ní ohùn òkè tàbí ìsàlẹ̀ nínú. Ó lè ní ó ń dín àkàrà: ìyẹn nígbà tí ó bá ń ta pàrà-pàrà láìlétò. Bí ẹ bá fi ìka ta fáàfù tí ẹ sì gbọ́ ọ létí bí ẹni lu agogo kékeré, ó ní ó ń ró. Bí ó bá ń ké tíntín bí ẹ̀fọn tó fẹ́ bà síni létí, ẹnu rẹ̀ a kàn yọ, á ní: "Ṣájà ẹnì kan wà nítòsí." Ọ̀rọ̀ márùn-ún, àìsàn márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ti mọ apá ibi tí òun yóò wò kó tó mú irinṣẹ́ kankan.

Ẹ jẹ́ ká mú kíkùn nìkan, nítorí òun ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì máa ń jẹ owó jù. Iná ìjọba ní Nàìjíríà ń yí padà sẹ́yìn-sọ́wájú ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. 50 Hz nìyẹn. Tí ó bá yọ́ wọ inú ohùn bó ṣe wà, 50 Hz náà lẹ máa gbọ́. Ṣùgbọ́n kí iná yìí tó lè bọ́ fáàfù, wọ́n ní láti kọ́kọ́ sọ ọ́ di iná tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é máa ń jẹ́ kí ìdajì tó ń lọ sẹ́yìn náà yí padà síwájú, nítorí náà òkè kan á di méjì, 50 á di 100. Iṣẹ́ kàpásítọ̀ ńláńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni láti tẹ́ àwọn òkè wọ̀nyí. Bí kàpásítọ̀ bá ti gbẹ, òkè á kù, ẹ ó sì gbọ́ 100 Hz.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni pé 100 jẹ́ ìlọ́po méjì 50. Etí máa ń gbọ́ méjèèjì bí ohùn kan náà tí ọkùnrin àti obìnrin jọ ń kọ, tí ti obìnrin wà lókè. Ẹni tó lè gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ní òpin gbólóhùn kò yẹ kó sọ pé òun kò lè gbọ́ ìyàtọ̀ yìí. Áàpù ọ̀fẹ́ wà lórí fóònù tó lè dún iye Hz tí ẹ bá fẹ́. Ẹ fi hẹ́dífóònù ńlá gbọ́ 50, ẹ gbọ́ 100, kẹ́ ẹ wá padà gbọ́ ańpílífáyà yín. Bó bá jẹ́ 100 ló mọ́ jù, ibi tí wọ́n ti ń tún iná ṣe ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ 50, ẹ wo wáyà fílámẹ́ńtì, ẹ wo ibi tí tírànsífọ́mà dojú kọ, ẹ wo okùn tó ń gbé ohùn wọlé. Tí ó bá sì le ní etí, tó ń dún bí ẹni fi ayùn rẹ́ páànù, 50 àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlọ́po rẹ̀ ló kóra jọ. Ìfátà olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ kò rí roboto máa ń fa irú ìyẹn, òbìrí wáyà earth náà sì máa ń fà á. (Àwọn rédíò àtijọ́ kan wà tí kì í sọ òkè kan di méjì, 50 ni tiwọn máa ń dún níbi tí ẹlòmíràn ti ń dún 100. Bàbá Sábó ló ràn mí létí èyí, kí n má baà sọ̀rọ̀ jù.)

Ẹ̀rọ amúnáwá tiwa náà tún ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ tí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè rí gbà. Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan kó tó lè fúnni ní 50 Hz. Bí ará ilé bá tan áyọ́ọ̀nù sí i lójijì, ẹ̀rọ á rẹ̀wẹ̀sì, á tún gbìyànjú gbéra. Bí ẹ bá fetí sí hẹ́dífóònù lásìkò náà tí kíkùn bá sọ̀ kalẹ̀ tó tún rọra gòkè, ẹ ti mọ̀ dájúdájú pé láti ara iná ló ti ń wá. Bí kò bá mira, ẹ wá ibòmíràn.

Ibi tí ẹ̀kọ́ wa ti wọ ọ̀rọ̀ náà jù lọ nìyí. Ẹ rántí kíláàsì fonọ́lọ́jì. Báwo la ṣe fi hàn pé ohùn ń yí ìtumọ̀ padà? A gbé igba, igbá, ìgbà àti igbà kalẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì kan náà, fáwẹ̀lì kan náà. Ohùn nìkan la yí. Bí ẹnì kan bá gbé igbá àti ọ̀bẹ kalẹ̀, tó ní ẹ wò ó, ìtumọ̀ wọn yàtọ̀, ohùn ló fà á, gbogbo kíláàsì á rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ohun tí àwọn tó ń to ẹ̀rọ ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Wọ́n á pààrọ̀ fáàfù, wọ́n á yí okùn padà, wọ́n á gbé ẹ̀rọ lọ sórí tábìlì mìíràn, gbogbo rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Bí kíkùn bá dínkù, wọ́n á gbé oríyìn fún fáàfù tuntun nítorí òun ló gbówó lórí jù. Ẹyọ kan ni kẹ́ ẹ máa yí. Ẹ gbọ́ ọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ dá a padà sí bó ṣe wà, kẹ́ ẹ tó yí òmíràn.

Ẹ ti ìta bẹ̀rẹ̀, níbi tí kò ti sí ewu. Ẹ yí fólúùmù wálẹ̀ pátápátá. Bí kíkùn bá bá a wálẹ̀, a jẹ́ pé ó ti wọlé kó tó dé ibi fólúùmù. Bí kò bá yí padà rárá, ẹ̀yìn fólúùmù ló wà, ẹ má wulẹ̀ náwó lé okùn tó ti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà wá. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ṣájà kọ̀ǹpútà kúrò lára iná, kó máa fi bátìrì ṣiṣẹ́. Ẹ ò ní gbà gbọ́ iye "fáàfù tó bàjẹ́" tó ti yá ní kété tí wọ́n ṣe èyí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà tirẹ̀ sí wáyà earth gba inú ṣájà, ańpílífáyà ní tirẹ̀, okùn ohùn wá so àwọn méjèèjì pọ̀. Ọ̀nà ti di òbìrí, iná sì ń yí nínú rẹ̀ bí ọmọdé tó ń ṣe òkòtó. Kẹ́ ẹ ki ẹ̀rọ méjèèjì bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, tàbí kẹ́ ẹ lo bátìrì, ó máa ń tó.

Mo ní láti dúró níbí, nítorí ìwòsàn burúkú kan wà tí mo ti rí ní yàrá ju ẹyọ kan lọ: wọ́n á gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì dànù kí òbìrí lè já. Lóòótọ́, kíkùn á lọ. Ẹsẹ̀ kẹta yẹn ni yóò gbé iná lọ sínú ilẹ̀, tí fíúùsì á fi já, lọ́jọ́ tí wáyà kan bá já lu àpótí irin. Bí kò bá sí níbẹ̀, ara ẹni tó bá fọwọ́ kan àpótí ni iná máa gbà. Àwọn ilé àyágbé mìíràn sì wà tí ihò kẹta ara ògiri wọn kò so mọ́ nǹkan kan rárá, nítorí náà ẹ ní kí oníná wá wò ó kẹ́ ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Kò sí orin tó dùn tó bẹ́ẹ̀.

Inú àpótí náà kò yàtọ̀. Iná tí wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ fáàfù lè ju 250 fóòtì lọ, kàpásítọ̀ sì lè tọ́jú rẹ̀ pamọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ yọ ọ́ lára ògiri, ẹ fi rẹsítọ̀ fa ohun tó kù gbẹ, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ rí i pé ó ti wálẹ̀ sí òdo, kẹ́ ẹ tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ẹ kò bá ní mítà, ẹ má ṣí i. Bàbá Sábó, tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ju ọjọ́ orí èmi àti tiyín lọ, kì í fọwọ́ méjì wọ inú ẹ̀rọ tó wà lórí iná. Ọ̀kan á wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá wọlé, ẹ ṣì máa yí ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Bí fáàfù ti etí ọ̀tún àti ti òsì bá jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kí wọ́n tutù, ẹ pààrọ̀ ipò wọn. Bí ariwo bá bá fáàfù lọ sí etí kejì, fáàfù ló ni ín, ẹ lọ ra òmíràn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Bí ó bá dúró sí etí tó wà tẹ́lẹ̀, fáàfù kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìdánwò yìí kò ná yín ní kọ́bọ̀, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ọ̀rẹ́ mi tó yọ tirẹ̀ láti Mákun ti ra fáàfù lẹ́ẹ̀mejì kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ fún un. Ìdajì kíkùn tirẹ̀ jẹ́ ti ṣájà. Wáyà fílámẹ́ńtì ló ni èyí tó kù: ECC82 ló lò, tí fílámẹ́ńtì rẹ̀ ń gba 6.3 fóòtì ní 0.3 ámpíà, ó sì ti to àwọn wáyà méjèèjì tó ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà tó ń gbé ohùn wọlé, lọ́gbọọgba, ó mọ́ tónítóní lójú. Ó tún wọn fà, ó lọ́ wọn mọ́ra bí okùn, ó gbá wọn mọ́ ara àpótí jìnnà sí wáyà ohùn, ó sì fi rẹsítọ̀ 100 oómù méjì fà wọ́n lọ sí earth. Wáyà tí a lọ́ pọ̀ máa ń pa ariwo ara wọn, nítorí ohun tí ọ̀kan ń tì síwájú ni èkejì ń fà sẹ́yìn. Ẹ̀rọ náà kò lẹ́wà nínú mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó dákẹ́.

Ibì kan wà tí mo gbà kẹ́ ẹ náwó láìjanpata. Kàpásítọ̀ tó bá ti inú rédíògíráàmù bàbá àgbà wá, ẹ má lò ó. Ohun olómi tó wà nínú rẹ̀ á ti gbẹ, ó lè kùn, ó sì lè bú. Ti fáàfù yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà láàyè.

Àwọn kan á ní mo ń yọ ara mi lẹ́nu, pé kíkùn yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí ohùn fáàfù "móoru". Mi ò gbà. Móoru tí wọ́n ń sọ, bí ó bá wà, inú bí fáàfù ṣe ń yí ìrísí ohùn padà díẹ̀ ló wà, ó sì ń wà níbẹ̀ nígbà tí kíkùn bá lọ tán. Àwọn mìíràn á ní kí n ra ẹ̀rọ kékeré onítírànsísítọ̀ tí wọ́n ń kì sẹ́nu fóònù, pé ó dákẹ́ ju ti fáàfù lọ. Àwọn yẹn sọ òótọ́. Bó bá jẹ́ pé kẹ́ ẹ parí iṣẹ́ àkànṣe nìkan lẹ fẹ́, ẹ ra ìyẹn kẹ́ ẹ lọ sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi oṣù kan wá kíkùn inú ẹ̀rọ tirẹ̀ rí kò ní fi etí tó ti ní tẹ́lẹ̀ gbọ́ ohùn tó gbà sílẹ̀ mọ́. Á ṣí Praat, á rí ìlà tó dúró gbọọrọ ní 100 Hz níbi tí bàbá tó ń sọ̀rọ̀ ti dánu dúró láti mí, á sì mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ohùn ìsàlẹ̀. Fíríìjì ni.

Ohun tí mo ń bẹ ẹ̀ka wa fún kò pọ̀. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ pe ọ̀kan nínú àwọn bàbá tó ń tún rédíò ṣe wá fún ọjọ́ kan péré, kí wọ́n sì sanwó fún un bí wọ́n ṣe ń sanwó fún olùbánisọ̀rọ̀ yòókù, kó wá kọ́ wa ní orúkọ ariwo. Kí a gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn jẹ́ èdè, kò sì sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan tí mo tíì ṣí. Kí àwọn olùkọ́ wa má gba ohùn tí a ti "fọ̀" láìsí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi náà ti ń ṣe ọ̀kan báyìí, ẹnikẹ́ni sì lè bẹ̀rẹ̀ lónìí: kí ẹni tí mò ń gba ohùn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń tọrọ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí gbogbo wa máa fi dákẹ́, tí ẹ̀rọ ń gba ohùn lọ. Mo tún ń tọrọ mẹ́wàá mìíràn nígbà tí a bá parí. Màmá kan ní Ìkẹ́nnẹ́ bi mí bóyá àdúrà la fẹ́ gbà. Mo ní rárá, mà, ilé ni mo fẹ́ gbọ́.